Kí owó tó jáde: bí a ṣe ń fi imú, ahọ́n àti irinṣẹ́ díẹ̀ yẹ epo pupa wò

Ẹni tó ń ra epo pupa ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n ṣí ìdérí, ẹ ti ìka bọ epo, ẹ lá a, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dáadáa, ẹ sanwó. Oṣù méjì ò tíì pé tí oníbàárà fi ń ráhùn pé epo náà ń ta òun lọ́fun, tàbí pé ọbẹ̀ òun ń rùn bí ọ̀dà ilé. Ìka yẹn ò parọ́ o. Ibi tí ẹ tì í bọ̀ ni ò tó. Orí kẹ́ẹ̀gì nìkan lẹ tọ́ wò, epo ti tutù débi pé òórùn rẹ̀ ò lè jáde, àwọ̀ pupa yẹn sì ti bá yín dájọ́ kí imú tó dé ilé ẹjọ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà méjì ni epo ń gbà bàjẹ́, wọn ò sì jọra. Èkíní ni FFA, ìyẹn ásíìdì tó ti já kúrò lára epo. Láti inú ẹyìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹyìn bá fara gbọgbẹ́ tàbí tó pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Imú kì í sábà gbọ́ ọ, nítorí àwọn ásíìdì tó pọ̀ jù nínú epo pupa ò ní òórùn tó le. Èkejì ni ìbàjẹ́ tí afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti irin ń fà. Èyí ni imú ń mọ̀ kíá, kódà nígbà tí irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ò tíì rí nǹkan kan. Nítorí náà, imú nìkan ò tó, irinṣẹ́ nìkan ò sì tó.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìgò gíláàsì 100 mL mẹ́fà tó ní ìdérí, tí ẹ ti fọ̀ tó sì gbẹ pátápátá. Ẹ má lo ìgò tó ti gba oògùn ikọ́ tàbí òróró ìpara rí. Òórùn wọn kì í kúrò lára ìdérí.
- Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ti gíláàsì tàbí ti irin tí kì í dípẹtà, tó gùn dé ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lítà 25.
- Ife kéékèèké tí àwọ̀ wọn jẹ́ búlúù tó dúdú tàbí dúdú pátápátá, àti àwo pẹlẹbẹ tí ẹ máa fi dé wọn.
- Tẹmọ́mítà tó lè ka dé 150°C.
- Ìwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò.
- Sírínjì 10 mL tí kò ní abẹ́rẹ́, etánọ́ọ̀lù 95%, omi NaOH (sódà kọ́sítíìkì) 0.1 M, àti omi phenolphthalein 1%, èyí tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá tán. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé ìwé ní gbogbo rẹ̀.
- Epo òdiwọ̀n: epo kan tó dá yín lójú pé ó dára, tí ẹ kún inú ìgò dé ọrùn, tí ẹ sì fi sínú fíríìsà.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú rénà. Imú tí kò ní ohun tó máa fi wéra, ìfura ló ń ṣe.

1. Bí ẹ ṣe máa bu epo

Epo pupa máa ń pín sí méjì bó bá jókòó: apá tó ń ṣàn á wà lókè, apá tó dì á sọ̀ kalẹ̀, omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó bá bu ti òkè nìkan ti bu èyí tó dára jù nínú kẹ́ẹ̀gì náà.

Bí epo bá ṣàn, ẹ fi àtàńpàkò dí orí páìpù, ẹ tì í dé ìsàlẹ̀, ẹ ṣí àtàńpàkò díẹ̀ kí epo ìsàlẹ̀ wọlé, ẹ tún dí i, ẹ fà á jáde. Ẹ bu ti àárín àti ti òkè bákan náà. Ẹ da ti ìsàlẹ̀ sínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí òun lẹ máa fi wo omi. Ẹ da díẹ̀díẹ̀ láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìgò mìíràn fún imú àti ahọ́n.

Bí epo bá ti dì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú omi gbígbóná títí epo inú rẹ̀ á fi tó bíi 50°C, kí ẹ wá yí i pọ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e sórí iná. Ìsàlẹ̀ á jóná kí àárín tó yọ́, ẹ ó sì wá máa sọ pé oníṣòwò ló ta epo jíjóná fún yín. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ́ níbí: epo tó dì lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe ayédèrú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

*Níbi tí èèyàn ti ń ṣì í:* bíbu epo sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Epo máa ń fa òórùn ọ̀rá, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti epo mọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ bu ìgò méjì láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù di ọjọ́ kejì. Bí ìwọ̀n èyí tó dì nínú wọn bá jọra, epo náà pò pọ̀. Bí ọ̀kan bá dì ju èkejì lọ, ẹ tún un bu.

2. Yàrá, ife àti ẹni tó máa gbóòórùn

Ẹ yan yàrá tí wọn ò ti ń dínrín, tí wọn ò sì ti ń sun tùràrí. Ẹni tó máa gbóòórùn ò gbọdọ̀ mu sìgá, jẹ obì tàbí fi ọṣẹ olóòórùn fọwọ́ láàárín wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kó lọ sinmi.

Ẹ da epo bíi 15 mL sínú ife kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e, ẹ gbé àwọn ife náà sínú omi tó gbóná níwọ̀nba títí gbogbo wọn á fi wà ní 50°C. Ìgbóná tó yàtọ̀ síra ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbi yìí. Ife tó gbóná jù lọ ló máa ń dà bíi pé òórùn rẹ̀ le jù, ẹ ó sì dá a lẹ́bi láìṣẹ̀.

Ẹ má kọ A, B, D sára ife, ẹ má sì kọ 1, 2, 3. Ọkàn èèyàn máa ń fún “1” ní ipò àkọ́kọ́ láìmọ̀. Ẹ lo nọ́ńbà onídìí mẹ́ta tí kò ní ìtumọ̀, bíi 417, 286, 953, kí ẹni tí kò ní gbóòórùn sì ni kó mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ẹ fi epo òdiwọ̀n ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹ sì da epo kan náà sínú ife méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀.

3. Imú

Ẹ gbé ife náà, ẹ yí i díẹ̀ kí epo fọwọ́ kan ara ife yí ká, ẹ ṣí i, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ kúkúrú-kúkúrú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dé e padà. Ohun tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni kan bá ti fẹnu sọ pé “ó kan,” gbogbo ilé ni yóò gbọ́ kíkan.

“Ó dára” àti “kò dára” ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó máa tọ́ka sí ibi tí ọ̀ràn náà ti wá:

- *Bí ẹyìn sísè, ó sì ń ta sánsán díẹ̀:* epo tuntun, ẹyìn tó dára.
- *Bí ọtí kíkan tàbí èso tó ti pọ́n jù:* ìdì ẹyìn ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Ọ̀pọ̀ ẹkù máa ń fi ìdì sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni òórùn yìí ti ń wá. Ẹ retí FFA tó ga.
- *Bí ilẹ̀ tútù, bí aṣọ tí kò gbẹ:* èbu. Ẹ má tọ́ epo yìí wò.
- *Èéfín:* láti ibi tí wọ́n ti sè é. Àwọn oníbàárà kan fẹ́ èyí, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́.
- *Jíjóná:* wọ́n gbẹ omi rẹ̀ lórí iná tó le jù.
- *Bí ọ̀dà, bí ẹ̀pà tó ti pẹ́ nínú agolo:* afẹ́fẹ́ ti ba á jẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa sè é tí yóò padà.
- *Bẹntiróò, kẹrosíìnì, ọṣẹ:* kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n lò fún nǹkan mìíràn tẹ́lẹ̀. Ẹ dá a padà, ẹ má tọ́ ọ wò.

Lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan. Àwọn kan máa ń gbóòórùn kọfí láàárín. Kò pọn dandan, ẹ gbóòórùn ẹ̀yìn ọwọ́ ara yín tàbí kí ẹ jáde síta. Ẹ má ju ife mẹ́fà lọ ní ìjókòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn, imú ti rẹ̀, gbogbo epo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ wo ife méjì tí epo kan náà wà nínú wọn. Bí ẹ bá kọ “ẹyìn sísè” sí ọ̀kan, tí ẹ wá kọ “ọ̀dà” sí èkejì, ẹ fa iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ya. Ó máa ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ju rírà kẹ́ẹ̀gì ogún lórí irọ́ lọ.

4. Ahọ́n àti ọ̀fun

Àwọn epo tí imú ti gbà nìkan ni kó dé ibí. Ẹ bu ààbọ̀ ṣíbí kékeré sẹ́nu, ẹ tàn án káàkiri ahọ́n, ẹ fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé láti ẹnu, ẹ fi imú mí jáde. Òórùn tó fara pa mọ́ máa ń jáde nígbà tí ẹ bá ń mí jáde yìí. Ẹ tu epo náà, kí ẹ wá dúró fún ogún ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó kọ ohunkóhun, torí pé yíyún ọ̀fun kì í yára dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé epo dára kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n lọ́fun.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi ṣan ẹnu. Omi fíríìjì á mú kí epo dì mọ́ ahọ́n, ìtọ́wò ife kejì á sì bàjẹ́. Búrẹ́dì funfun díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dára.

5. Nígbà tí ìbéèrè jẹ́: “ṣé epo yìí yàtọ̀ sí ti àná?”

Bí oníṣòwò yín bá sọ pé ibi kan náà lòun ti ń mú epo wá, tí ẹ sì ń fura, ẹ má béèrè èyí tó dára jù. Ẹ ṣe ìdánwò ife mẹ́ta. Ife méjì ní epo kan náà, ẹ̀kẹta ní òmíràn. Olùtọ́wò gbọ́dọ̀ tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀, kódà bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń méfò. Ètò mẹ́fà ló wà (AAB, ABA, BAA, BBA, BAB, ABB), ẹ pín wọn káàkiri kí ipò má bàa ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni tó ń méfò á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, nínú ìdáhùn 6, ó kéré tán 5 gbọ́dọ̀ tọ̀nà kí ẹ tó sọ pé epo méjèèjì yàtọ̀. Nínú 9, ó gbọ́dọ̀ pé 6. Nínú 12, 8. Nínú 18, 10. Bí 7 bá tọ̀nà nínú 12, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

6. FFA: ohun tí imú ò lè sọ fún yín

Ibí ni owó wà, ẹ rọra ṣe é. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú, nítorí NaOH ń jó ara. Etánọ́ọ̀lù ń gbiná kíá: inú omi gbígbóná nìkan ni kí ẹ ti mú un gbóná, kí iná má sí nítòsí.

a. Ẹ da etánọ́ọ̀lù 50 mL sínú ìgò, ẹ kán phenolphthalein sí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ kán NaOH sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ (pink). Etánọ́ọ̀lù ní ásíìdì tirẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí á ka ásíìdì yẹn mọ́ epo lọ́rùn.

b. Ẹ wọn epo yíyọ́ 2.56 gíráàmù sínú ìgò mìíràn. Ẹ má ṣe fojú di iye yìí: bí epo bá jẹ́ 2.56 g tí NaOH sì jẹ́ 0.1 M, iye mL tí ẹ bá lò gan-an ni FFA ní ìdá ọgọ́rùn-ún.

d. Ẹ da etánọ́ọ̀lù náà lé epo, ẹ mú wọn gbóná dé bíi 60°C, ẹ mì í.

e. Ẹ fa NaOH sínú sírínjì dé 10 mL. Ẹ kán an sínú ìgò, kí ẹ máa mì í lẹ́yìn ìkán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọ̀ osùn bá dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dúró, kí ẹ ka iye tó ti jáde.

Níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í nìyí: epo fúnra rẹ̀ pupa. Ẹ má wo epo tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó díẹ̀, kí ẹ wo etánọ́ọ̀lù tó léfòó lókè, níwájú bébà funfun. Bí epo bá dúdú débi pé ẹ ò rí ìyàtọ̀ rárá, ẹ wọn 1.28 g dípò 2.56, kí ẹ wá sọ iye tí ẹ kà di ìlọ́po méjì. Ilé àyẹ̀wò máa ń pààrọ̀ phenolphthalein sí alkali blue 6B fún irú epo bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ: 2.60 g epo, NaOH tó lọ jẹ́ 3.2 mL. FFA = 2.56 × 3.2 ÷ 2.60 = 3.15%.

Kí ni iye yìí ń wí? Ilé iṣẹ́ tó ń sè ẹyìn rẹ̀ lásìkò sábà máa ń wà láàárín 2 sí 5%. Nínú òwò ńlá, 5% ni ààlà tí wọ́n sábà máa ń kọ sínú àdéhùn. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún epo pupa tí wọn ò tíì fọ̀ mọ́ gba iye ásíìdì tí 10 mg KOH (kẹ́míkà tó jọ NaOH) lè pa nínú gíráàmù epo kan. Bí ẹ bá fi 2.19 pín ìyẹn kó lè di FFA, ó jẹ́ bíi 4.6%. Epo tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ́ èyí tí ẹ ó rà fún ọṣẹ, ní owó ọṣẹ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bí àlàfo àárín èsì méjèèjì bá ju 0.2 lọ, ẹ tún un ṣe. Bí gbogbo èsì ọjọ́ kan bá ga lójijì, epo òdiwọ̀n yín náà sì ga, NaOH yín ló ti rẹ̀: afẹ́fẹ́ inú ìgò tó ń ṣí máa ń jẹ agbára rẹ̀. Ẹ ra tuntun.

7. Omi

Ìgò epo ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì lẹ máa lò. Ẹ mì í pọ̀, kí ẹ wọn 20.00 g sínú ìkòkò kékeré tí ẹ ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ rọra gbé e dé 105°C, kí ẹ sì máa ròó. Bó bá ń ta pàrá-pàrá, omi wà níbẹ̀. Nígbà tó bá dákẹ́ tí kò sì ru ìfófòó mọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí 0.10 g bá sọnù nínú 20 g, 0.5% nìyẹn, òun sì ni ààlà tí wọ́n sábà máa ń fi sínú àdéhùn òwò ńlá fún omi àti ìdọ̀tí lápapọ̀. Bó bá ta pàrà síta tó bọ́ sílẹ̀, ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́. Ẹ fi iná tó kéré sí i tún bẹ̀rẹ̀.

Epo tí FFA rẹ̀ kéré àmọ́ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ tà á kíá, tàbí kí ẹ gbẹ omi rẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

8. Ohun tí irinṣẹ́ inú ilé yín ò lè rí

Bébà tí wọ́n ń tà fún wíwo *peroxide* máa ń yí àwọ̀ padà bí afẹ́fẹ́ bá ti ń ba epo jẹ́. Ó wúlò, àmọ́ peroxide máa ń gòkè, lẹ́yìn náà yóò sì sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ti ń fọ́ di àwọn nǹkan tó ń rùn bí ọ̀dà. Nítorí náà, bí bébà bá ní kò sí nǹkan, tí imú sì ní ọ̀dà wà níbẹ̀, imú ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àwọ̀ ayédèrú ni ọ̀ràn tó le jù. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà rí Sudan IV, àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa nǹkan láró, nínú epo pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kì í rùn, inú epo ló sì ń yọ́ sí, kì í ṣe inú omi. Dída epo sínú omi láti wo bóyá àwọ̀ á jáde ò sọ nǹkan kan, títẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun náà ò sọ nǹkan, nítorí epo gidi náà ń kun bébà. Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ bíi HPLC, tó ń ya àwọn nǹkan inú epo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ló lè dá a mọ̀. Bí àwọ̀ epo bá pọ́n ju ti gbogbo ọjà lọ, tí owó rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ nípa “imú oníná”, ẹ̀rọ tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú tó ń mọ òórùn. Ẹ̀rọ náà ò mọ epo tó dára. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ ló mọ̀: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ọ̀pọ̀ epo tí imú èèyàn ti dá lẹ́jọ́, ọ̀rinrin inú yàrá àti ìgbóná ọjọ́ sì lè ṣì í lọ́nà. Fún oníṣòwò tó ń ra kẹ́ẹ̀gì ogún lọ́sẹ̀, ohun tó ń ṣe ò tíì tó owó rẹ̀.

9. Ìwé èsì

Ojú ìwé kan fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ẹni tó tà á, ọ̀rọ̀ imú, ọ̀rọ̀ ọ̀fun, FFA, omi. Bí imú bá kọ ọ́, ẹ má rà á, ohun yòówù kí FFA jẹ́. Bí imú bá gbà á tí FFA sì ga, ẹ dúnàá-dúrà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ kún ìgò 100 mL kan dé ọrùn, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi sínú fíríìsà. Bí oníbàárà bá mú epo padà wá lẹ́yìn oṣù méjì, ìgò yẹn àti èyí tó mú wá lẹ máa fi ṣe ìdánwò ife mẹ́ta.